Fóònù Tí Kò Ní Wáyà Nílé Ìyá Mùínátù

Ẹni tó bá fẹ́ kí Ìyá Mùínátù ní Ìwòyè-Kétu gbọ́dọ̀ wá àyè sílẹ̀. Àṣíáwù ni orúkọ rẹ̀ gan-an, opó ni, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ògiri kan ṣoṣo ló sì pín ilé rẹ̀ àti tèmi níyà. Bí mo bá ti pẹ́ jù láti lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà kí n má bàa pàdé rẹ̀, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ káàárọ̀" kó tán síbẹ̀. Yóò béèrè ọkọ, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ mi ní Afọ̀n, lẹ́yìn náà ni yóò wá kì mí. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí olè bá wọlé rẹ̀, ẹnu ìkíni ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá a sí. Òun gan-an á rẹ́rìn-ín.

Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Mùínátù, tó fẹ́ awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ṣàíbù ní Kétu, lódì kejì bọ́dà. A kì í ka ibẹ̀ sí ìlú òkèèrè. Ẹbí kan náà ni wá, òyìnbó ló fa ìlà gba àárín wa kọjá. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Mùínátù máa ń gun ọ̀kadà wá, á sì dé kí ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ tó jinná. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ di ẹ̀bi èkejì ru oògùn tó rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìbéèrè, ojú mi ló sì ṣe kìlọ̀ fún un.

"Bó o bá tún lóyún," ó ní, "ohunkóhun tó bá ṣe ọ́, o ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé o gbọ́ tẹnu mi."

Mùínátù kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Oyún kẹta ti wà nínú rẹ̀ nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì ni. Títí di òní, n kò mọ ìrẹsì tí aboyún gbé sínú tí ṣọ́jà fi ń lé e padà, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn géndé ń gba inú igbó. Ṣùgbọ́n aboyún ò lè gba ibẹ̀, orúnkún Ìyá Mùínátù náà ò sì gbà á. Fóònù kékeré tó ní kò wúlò. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì kò rí nọ́ńbà rẹ̀, bí ìpè bá sì wọlé, ibi tí yóò fi pa á ló máa ń tẹ̀.

Ni Ṣàíbù bá ra fóònù ilé kan ní Kutọnu, tòkunbọ̀, èyí tí kò ní wáyà, ó fi rán ẹnì kan tó mọ ọ̀nà igbó. Lukman tó ń ṣe iná ládùúgbò wa ló wá tò ó. Àpótí kan wà tó ń jókòó sórí tábìlì, inú rẹ̀ ni síìmù wà, wáyà iná rẹ̀ sì lọ sínú ògiri. Ọwọ́ fóònù tí èèyàn ń gbé sétí ló ṣeé gbé kiri ilé, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì tóbi dáadáa. Lukman gbé àpótí náà káàkiri títí ó fi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí Mùínátù wà lójú fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ó tú ìdí rẹ̀, ó yọ bátìrì tó ti wú níbẹ̀ dànù.

"Màmá," ó ní, "ọwọ́ fóònù yìí ní bátìrì tirẹ̀, àmọ́ àpótí yẹn ló ń gbé ohùn lọ. Bí iná bá ti lọ, ó ti kú nìyẹn. Bí ẹ bá tiẹ̀ rí iná kékeré lára èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ yín mọ́."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọ."

Ó dúró kì Lukman títí ó fi gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ìdùnnú wọ ilé náà fún ìgbà díẹ̀. Bí Mùínátù bá pè, ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé o ti kúnlẹ̀?" Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ oríkì. "Àṣìkẹ́ mi, ọmọ ọlọ́kọ́ tó ń jí kí ìlú tó jí." Mo ń gbọ́ ọ láti ara ògiri. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í já oríkì mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó dìgbà tí ìyá bá kì í tán kí ọmọ tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Bí iná ìjọba bá lọ, Lukman á bá wọn tan jẹnẹrétọ̀ kékeré.

Ìgbà tó yá, àṣẹ tún dé pé kí wọ́n má ta epo bẹntiróòlù nítòsí bọ́dà mọ́. Jẹnẹrétọ̀ di ìjókòó adìyẹ. Iná ìjọba náà tún lọ, kò dé fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó ń bá wa ṣáàjì fóònù ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo fóònù àdúgbò sì kú.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, iná dé. Kò pẹ́ rárá tí fóònù Ìyá Mùínátù fi dún. Mo gbọ́ tó béèrè ìkúnlẹ̀, mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Rédíò mi dákẹ́ lójijì, iná ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń bá a lọ. Ó kì í dé orí bàbá, ó kì í dé orí bàbá bàbá. Nígbà tó yá, ó jáde wá bá mi, ọwọ́ fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná kékeré ara rẹ̀ sì ń tàn.

"Mùínátù pè mí," ó ní. "Mo kì í dọ́ba. Ìgbà tí mo kádìí ẹ̀ ni mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́."

Inú rẹ̀ dùn. Ó wọlé lọ bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ọ̀la ọjọ́ náà, Mẹ̀dínátù, obìnrin tí òun àti Mùínátù jọ ń gbélé ní Kétu, gba inú igbó wá pẹ̀lú bàbá àgbà kan láti ẹbí Ṣàíbù. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ yà, torí a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá. Mo bú sẹ́kún, mo nu ojú mi, a sì jọ wọlé tọ̀ ọ́. Bàbá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ bí àgbà ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́ oko, ara ń kọ́.

Ìyá Mùínátù wo ojú mi. "Ẹ má kí mi mọ́," ó ní. "Ẹ sọ ọ́."

Bàbá ní Mùínátù ti lọ, òun àti ọmọ inú rẹ̀.

 Ìyá Mùínátù yíjú sí Mẹ̀dínátù, ó béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti rò pé ìyá mọ̀ pé ìpè náà já. Ó sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá lára Mùínátù láti ìdájí. Ṣàíbù wà ní Kutọnu. Mùínátù pe ìyá rẹ̀ títí, kò wọlé, ìgbà tó wọlé ló kúnlẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà tó, kò já oríkì mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ìpè ṣe já, Mẹ̀dínátù ní kí àwọn máa lọ sí ilé ìwòsàn. Mùínátù ní iná ló lọ, yóò dé, ìyá òun ní òun ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó dákú ni wọ́n tó gbé e sórí ọ̀kadà.

"Kí ló fẹ́ bi mí?" Ìyá Mùínátù béèrè.

"Ó fẹ́ bi yín bóyá kóun máa lọ sí ilé ìwòsàn, Màmá."

Ó gbé ọwọ́ fóònù náà lé orí itan rẹ̀. 

"Ǹ bá ní kó máa lọ," ó ní.