Ọkùnrin Tó Ń Dúró De Ìdáhùn

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣàdédé wọ ilé ẹnikẹ́ni ní Sabon Gari. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kígbe kí wọn lédè Hausa pé, "Sannunku!" Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn ló máa tó ní, "Yauwa," ìyẹn ni pé ó dáa, táá wá wọlé.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Kano, iléeṣẹ́ wọn ní Bompai ra ọ̀kan. Bí wọ́n bá tẹ lẹ́tà, kì í hàn lójú ẹ̀rọ. Ọ̀gá ti fẹ́ dá a padà, ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá ní òun á kọ ètò tó máa mú kí lẹ́tà hàn sí i. Oṣù mẹ́ta ló fi báírò kọ ọ́ sínú ìwé, kó tó kó o sínú ẹ̀rọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé,

"Bọ̀dá, ṣebí téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó hàn?"

"Rárá o. O ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i ni. Inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbọ́, kó sì dá ọ lóhùn. Ìdáhùn yẹn lò ń rí."

Lọ́jọ́ tó parí, ó mú mi dání lọ síléeṣẹ́ wọn. Ó tẹ A. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò mira, ó kàn dúró bó ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́tà A yọ lójú ẹ̀rọ.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rọra tẹrí ba fún ẹ̀rọ náà, ó ní, "Yauwa," kó tó tẹ B.