Àwo Pa Timothy àti Ìròyìn Tírélà

Nusirat kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé. Kó tó dé ilé iṣẹ́ rédíò, ọdún mẹ́sàn-án ló fi to ìwé ẹrù ọkọ̀ ojú omi sínú fáìlì ní ọ́fíìsì kan ní Wharf Road, níbi tó jẹ́ pé bí ewé kan ṣoṣo bá sọnù, odindi kọ̀ǹténà lè jókòó sí èbúté fún oṣù kan, kí olówó ẹrù máa ké bí ẹni tí wọ́n jí lọ́mọ gbé. Ìdí rèé tí Rédíò Bèbè, ilé iṣẹ́ kékeré tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn onítáyà ní Liverpool Road, ṣe gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní kó máa tọ́jú orin, kó sì máa kọ orin tí wọ́n bá gbé sáfẹ́fẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú aago rẹ̀.

Kí á má purọ́, kò mọ ohun tó ń jẹ́ jáàsì nígbà tó débẹ̀. Ṣàfíù bàbá rẹ̀, tó ti Ìwó wá wa tírélà l'Apapa, wákà àti àpàlà ló fi tọ́ wọn dàgbà ní Ajégúnlẹ̀. Ọjọ́ tí Nusirat kọ́kọ́ gbọ́ jáàsì, ó ní àwọn olórin yìí ń bára wọn jà ni, kí ẹnì kan lọ là wọ́n. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, òun gan-an ló ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá gé fèrè kúrò kó tó parí. Òun ló ń gba ìpè fún ètò jáàsì tí wọ́n ń ṣe láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn olùgbọ́ á pè, wọ́n á bèèrè orin tí wọ́n fẹ́, Nusirat á sì kọ orúkọ wọn àti àdúgbò wọn sínú ìwé gígùn kan.

Ìwé yìí àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe kíkà tó dá wàhálà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ jáàsì kan wà lérékùṣù Èkó. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, wọ́n á ní kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ka iye ìgbà tí wọ́n gbé àwo orin kọ̀ọ̀kan sáfẹ́fẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Àwo mẹ́ta tó bá ṣíwájú ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ni wọ́n ni yóò ṣeré lórí pèpéle ńlá nínú oṣù Kejìlá, níwájú gbogbo ayé. Lọ́dún yìí, ẹni tó wà nípò kìn-ín-ní ni Pa Timothy.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Pa Timothy. Bíréèkì tírélà ló ń tún ṣe ní Malu Road láti ìgbà èwe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń fọn fèrè láti ìgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ Bìrìgéèdì ṣọ́ọ̀ṣì. Àwo kan ṣoṣo ló ṣe láyé, èṣí ló ṣe é. Kò gun pèpéle ńlá kankan rí. Eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti ń mì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ fèrè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bí eyín iwájú bá bọ́, ètè ò ríbi fẹ̀yìn tì mọ́, fèrè ti parí nìyẹn. Fún Pa Timothy, kò sí pé bí kò bá ṣe é lọ́dún yìí yóò ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Gafar, ọ̀gá ètò ní Rédíò Bèbè, kò lè mú un mọ́ra. Ó kéde lórí afẹ́fẹ́ pé ọmọ Ajégúnlẹ̀ ló ń léwájú. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Pa Timothy ti gbàdúrà ọpẹ́, wọ́n sì ti háyà bọ́ọ̀sì méjì tí yóò gbé wọn lọ wòran.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi iye náà ránṣẹ́, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Nusirat jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ní kí òun fi ojú òun rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹlòmíràn ì bá ti fi ránṣẹ́ kó sì lọ jẹ ẹ̀wà tirẹ̀. Àwo Pa Timothy, ìgbà márùndínláàádọ́rin. Ó ń ka àwọn aago rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mọ́ńdè, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀. Túsìdeè, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀. Wẹ́sìdeè, bákan náà.

Ta ló ń bèèrè jáàsì ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè?

Nígbà náà ló rántí. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n máa ń ka ìròyìn tírélà, Mọ́ńdè sí Sátidé: géètì èbúté tó ṣí, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ dí, ibi tí tánkà ṣubú sí. Wọ́n máa ń fi orin kan sábẹ́ ìròyìn náà kí ohùn má baà gbẹ. Nusirat fúnra rẹ̀ ló yan orin kejì nínú àwo Pa Timothy, torí kò ní ọ̀rọ̀, ó sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Òfin àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ jáàsì ni pé orin tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lé lórí kò sí nínú kíkà. Nítorí náà, ibi ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú orin abẹ́ ìròyìn sí nínú kọ̀ǹpútà, ibi tí kì í kà. Lọ́jọ́ tó yan orin yìí, iná ń lọ ó ń bọ̀, ìròyìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ló bá fa orin náà láti ibi tó wà, kò gbé e lọ síbi tó yẹ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí Gafar bá ń kìlọ̀ fún àwọn onítírélà, kọ̀ǹpútà ń kà á fún Pa Timothy.

Ó mú bíírò. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́nà ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó yọ ọ́ kúrò. Ó ku mọ́kànlá, kò sì tó ipò kẹta.

Gafar kéré sí i lọ́jọ́ orí, àmọ́ ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́. Nusirat ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn, ó sì sọ fún un. Gafar dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Aunty Nusi, ta ló bi yín? Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ kà á?"

"Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà, sà."

"Kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, ẹ̀yin kọ́. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nobody go check am. Àbí orin yẹn ò dún ni? Gbogbo dírẹ́bà tó wà ní Wharf Road ló ń fi súfèé. Ṣebí kí èèyàn gbọ́ ọ náà ni wọ́n ń wá?"

Òótọ́ ni. Ohun tó sì dun Nusirat jù nìyẹn, pé òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ó wo orúkọ tó wà nípò kẹrin lórí ìwé. Queen ni, ọmọbìnrin kan tó ń tẹ dùùrù ní Festac. Bí Pa Timothy bá kúrò, Queen ló máa bọ́ sípò kẹta.

"Mi ò lè fi ránṣẹ́ báyìí," ló sọ.

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún bàbá yẹn o. Èmi ò sí níbẹ̀." Gafar gbé fóònù rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé ohun kan wà lójú ẹ̀.

Aago méjì kọjá nígbà tí Nusirat rí kẹ̀kẹ́ Maruwa tó ń lọ sí Boundary. Ìwé ìpè wà nínú báàgì rẹ̀, ó dì í mú mọ́ra. Ẹ̀rù ń bà á gidi. Ó rò ó pé kí òun pè é lórí fóònù kó sì tán síbẹ̀, àmọ́ èèyàn kì í fi fóònù tú irú ọ̀rọ̀ báyìí fún àgbàlagbà. Ní Malu Road, ọmọ mọ́tò kan jókòó sórí táyà, ó ń fi súfèé lu orin kejì nínú àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ibì kankan. Nusirat yí ojú sí òdìkejì.

Ó bá Pa Timothy àti Dinah, ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ṣínà, nínú pálọ̀ wọn. Dinah ń rán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù funfun kan. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìjà Dinah àti fèrè yẹn. Ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, ogójì ọdún náà ló ti ń lé e síta: "Bàbá Ṣínà, ẹ gbé ariwo yẹn lọ sẹ́yìnkùlé." Nusirat kúnlẹ̀.

"Ọmọ Ṣàfíù!" Pa Timothy rẹ́rìn-ín. "Dìde, jókòó. Ìyá Ṣínà, fún un lómi."

"Ẹ má wulẹ̀ fún mi lómi, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà. Kò di ẹ̀bi ru iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó parí, Pa Timothy fi ahọ́n tọ́ eyín tó ń mì wò.

"Èmi náà máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀," ló wí. "Mo rò pé ẹ fi ń dá mi lọ́lá ni."

Omi bọ́ lójú Nusirat. "Ẹ má bínú, sà."

"Mélòó ló wá kù?"

"Mọ́kànlá, sà."

Pa Timothy rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Kì í ṣe mọ́kànlá. Emeka tó ń pè láti Malu Road, ṣó wà nínú ìwé ẹ?"

Nusirat ṣí ìwé. Ó wà níbẹ̀, ìgbà mẹ́ta. "Ó wà, sà."

"Èmi ni. Tari ti Boundary ńkọ́?"

"Ìgbà méjì, sà."

"Èmi náà ni. Mansur onítánkà, èmi ni. Mo fi aṣọ di ẹnu fóònù." Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti tì pa, màá wá máa pè yín. Mélòó nìyẹn?"

"Méje, sà. Ṣùgbọ́n Bàbá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ojú tì í. Ọ̀rọ̀ Gafar gan-an ni.

"Òfin wọn ní olórin ò gbọdọ̀ bèèrè orin ara ẹ̀. O wá láti Liverpool Road wá sọ òótọ́ fún mi, ṣé irọ́ ni kí n wá fi sìn ọ́ padà? Yọ méje kúrò."

Nusirat fa igi lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Agogo ara ògiri ti ń lọ sí aago mẹ́ta àbọ̀.

"Ó ku mẹ́rin," ni Pa Timothy wí. "Ka orúkọ wọn fún mi. Mo ti pàdánù kinní ọ̀hún, ó yá, ó kéré tán kí n mọ ẹni mẹ́rin tó fẹ́ gbọ́ mi nínú gbogbo Èkó."

Nusirat ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Kì í ṣe ẹni mẹ́rin, sà. Ẹnì kan ló pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Obìnrin kan ni, láti Ajégúnlẹ̀. Kò dárúkọ. Ó ní ká má sọ àdúgbò òun lórí afẹ́fẹ́."

"Obìnrin wo?"

Abẹ́rẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde lára kóòtù ti dúró. Dinah fi eyín já òwú.

"Nusi, kọ mẹ́rin yẹn sílẹ̀. Má yọ ìkankan níbẹ̀."

"Ìyá Ṣínà," ni Pa Timothy pè é.

"Kí ló dé? Ṣé èmi ni mo fọn ọ́n ni? Àbí òfin wọn ní ìyàwó ò gbọdọ̀ gbọ́ fèrè ọkọ ẹ̀?"

"Rárá, mà," ni Nusirat wí. "Kò sí nínú òfin."

"Ogójì ọdún lo ti ń lé mi lọ sẹ́yìnkùlé!"

"Ó máa ń pariwo jù nínú ilé. Bẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìnkùlé, ó máa ń dùn. Mo máa ń ṣí fèrèsé." Dinah tẹjú mọ́ bọ́tìnnì. "Ọjọ́ Sunday lẹ kì í sí nílé."

Pa Timothy fọwọ́ bo ojú. Òun jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tó dákẹ́, ó fi aṣọ di ẹnu fóònù, ó ń bẹ àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n gbé òun sáfẹ́fẹ́, nígbà tí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òun gan-an wà nílé, tó ń tẹ nọ́ńbà kan náà. Dinah ò gbá a mọ́ra, wọn kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó gbé kóòtù sílẹ̀, ó sì lọ bu omi wá fún un fúnra rẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá. Nusirat mú fóònù tí iye àwọn yòókù ti wà nínú rẹ̀, ó tẹ orúkọ Pa Timothy, ó tẹ mẹ́rin síwájú rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́.