Kọ́kọ́rọ́ Kan, Awakọ̀ Méjì

Nínú èmi àti ọkọ mi, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ wà. Bàbá tó bí mi ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n fi ń kó iṣu àti kòkó wálé láti oko ní Ilé-Ogbó. Èmi ni àkọ́bí wọn, wọn kò sì ní sùúrù láti dúró de ìgbà tí àwọn àbúrò mi ọkùnrin yóò dàgbà, nítorí náà èmi ni wọ́n kọ́. Nígbà tí ọkọ mi wá ra ọkọ̀ tirẹ̀, ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, èmi ni mo jókòó tì í tí mò ń sọ fún un pé kí ó rọra máa fẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i bí àwọn ará àdúgbò bá ń gbọ́.

Inú agbo ilé bàbá rẹ̀ ni a ń gbé ní Ìwó nígbà náà, ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ tí ilé ti fẹ̀gbẹ́ ti ilé. Báńkì ni òun ń bá ṣiṣẹ́, èmi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Olúpọ̀nnà. Ẹlẹgbẹ́ ni wá láti ilé-ìwé. "Ìwọ" ni mo ń pè é nínú yàrá wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí Bàbá àti Màmá, àwọn òbí rẹ̀, máa ń jókòó sí, kíá ni mo máa ń yí i sí "ẹ̀yin". Òun náà á sì dojú kọ ibòmíràn kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó bá a mú un wá láti Kùtọnu. Lójú tiwa, ọkọ̀ tuntun pọ́ńbélé ni, nítorí àgbà ọkọ̀ ni gbogbo èyí tó wà ní àdúgbò wa. Òmíràn nínú wọn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ aládùúgbò lè ṣí i. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì ni a ń tẹ̀ kí gíláàsì fèrèsé tó wálẹ̀. Bí a bá ti ìlẹ̀kùn kan, gbogbo ìyókù á tì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ ilé á sì bẹ̀ wá pé kí a tún ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní orí dúdú tó nípọn bí ìdajì orógbó. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà ní bí òun ṣe bá a nìyẹn.

Àpò ṣòkòtò ọkọ mi ni kọ́kọ́rọ́ yìí ń gbé. Bí mo bá fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde ní ọjọ́ Sátidé, màá kọ́kọ́ wá ṣòkòtò tó wọ̀ lánàá, bí n kò bá sì rí i níbẹ̀, màá lọ jí i lójú oorun. Ó mọ bí a ti ń díbọ́n sùn. Bí ó bá sì lajú, á béèrè ibi tí mò ń lọ, á béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, á tún rán mi létí pé ibẹ̀ kò jìnnà. Yẹ̀yẹ́ ni a máa ń fi ṣe, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ jáde, mo ní láti tọrọ.

Ọjọ́ wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú Bàbá ni ọ̀rọ̀ náà kọjá yẹ̀yẹ́. Àáfà ni Bàbá, wọ́n ní ilé kéwú ní ẹ̀yìn agbo ilé wa, àwọn ọmọ tó parí Àlùkùráánì lọ́dún náà ni a sì fẹ́ ṣe ayẹyẹ fún. Òjò rọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹrẹ̀ kún àgbàlá, ni ọkọ mi bá gbé ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé agbo ilé. Bí ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní báńkì wá fi ọkọ̀ tiwọn gbé e: iṣẹ́ pàjáwìrì kan wà ní Òṣogbo, wọn yóò sì dé kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó kí wa, ó lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń kó àtíbàbà fi dé pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. Wọn kò rí ọ̀nà wọlé. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti lọ sí Òṣogbo, ó di ìgbà tó bá padà dé. Gbogbo ojú wá yí sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà mì.

Wọ́n tì í, kò lọ. Wọ́n ní táyà iwájú ti yí sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ ọkọ̀ sì ti há. Ni Bàbá bá ní kí wọ́n gbé e. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọkùnrin agbo ilé ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n tò yí iwájú ọkọ̀ ká, ẹnì kan ké bísímílà, wọ́n gbé iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n sún un sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi sún un tán, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ti dúró lójú títì tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ àtíbàbà wọlé.

Ìgbà náà ni Màmá figbe ta. Agbádá funfun tí Bàbá fẹ́ wọ̀ wà nínú ọkọ̀. A ti gbà á lọ́wọ́ alágbàfọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná, a gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí òjò ń lé wa wọlé. Bàbá rìn lọ síbi ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n sì yọjú wo inú gíláàsì fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo rí i. Ara rẹ̀ le."

Gbogbo agbo ilé ló bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò wọn ni ó yá wọn ní agbádá. Àbúrò náà kúrú, Bàbá sì ga. Orúnkún ni agbádá náà dé lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe jókòó láàárín àwọn àáfà títí àdúà fi parí.

Ọkọ mi dé nígbà tí a ń pín oúnjẹ. Wọ́n ti ròyìn fún un láti ìta, nítorí náà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá ni ó ti dọ̀bálẹ̀. Wọn kò bá a wí. Wọ́n kàn sọ fún un pé, "Ìyàwó rẹ ń wa ọkọ̀, ìwọ náà ń wà á. Ẹ lọ wá kọ́kọ́rọ́ kejì."

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Mo mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ sí ọjà Odò-Òrì, sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń gé kọ́kọ́rọ́. Ó de tiwa mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lápá kan, ó de èyí tí kò tíì ní eyín mọ́ apá kejì, ẹ̀rọ náà ké, ìyẹ̀fun idẹ ń tú sílẹ̀. Owó pọ́ọ́kú ni ó gbà. Mo fi ayọ̀ dé ilé, mo ki èyí tuntun bọ ìlẹ̀kùn, ó ṣí. Mo jókòó, mo ṣáná sí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì dáhùn, ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Mo tún ṣe é, ó tún kú. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú sí mi níwájú. Aládùúgbò kan ní bátìrì ni, òmíràn ní omi ló wọ epo. Màmá, tí wọ́n ń wò mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ọkọ̀ yìí lọ́gbọ́n, ó mọ̀ pé èyí kì í ṣe ti òun.

Ohun tí Màmá sọ gan-an ni rẹ́wáyà tún sọ fún wa. Rẹ́wáyà yìí, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni láti kékeré. Ó ní nǹkan kan wà nínú orí dúdú kọ́kọ́rọ́ wa, kò ju wóró ìrẹsì lọ, òun ni ọkọ̀ ń wò kí ó tó gbà kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí olè ni. Òun kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe irú rẹ̀. Ó ní kí a lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ tuntun ní Ìbàdàn.

A lọ. Ọ́fíìsì wọn tutù bí inú fíríìjì. Ọmọbìnrin kan fi ọ̀wọ̀ kí wa, ó fún wa ní omi tútù, ó wo ìwé ọkọ̀ wa, ó sì dá iye tí kọ́kọ́rọ́ kan yóò jẹ́ fún wa, pẹ̀lú àlàyé pé òkè òkun ni yóò ti wá. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọkọ mi dúpẹ́, ó rọra mu omi rẹ̀ tán pátá, a sì jáde.

Nígbà tí a dénú ọkọ̀, ó ní òun rò pé odindi ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fẹ́ tà fún wa. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Bí a ti ń lọ, ó béèrè ohun tó ṣe mí.

Mo ní, "Kì í ṣe pé mo fẹ́ máa rìn káàkiri. Mo kàn fẹ́ kí n lè dìde kí n lọ, láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ jí ọ lójú oorun."

Ó dín eré ọkọ̀ kù. Lẹ́yìn náà ó ní, "N kò mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Eré ni mo pè é."

Ó wá ibi tí ọ̀nà gbé fẹ̀, ó yí ọkọ̀ padà. Ó ní a kò ní kúrò ní Ìbàdàn láìdé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún epo ẹ́ńjìnì. Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ wà lórí ìlẹ̀kùn, iná iwájú so rọ̀ bí èso. Gbogbo ẹni tí a bi léèrè kọ́kọ́rọ́ ló ń fi wá rẹ́rìn-ín, títí a fi dé ọ̀dọ̀ bàbá oníṣòwò kan tí wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ nìkan kò sí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ irú tiwa gẹ́lẹ́ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n gbá lẹ́yìn, tí òun ti tú palẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé ẹrù kan jáde tí wọ́n fi okùn dì pọ̀: àpótí pẹlẹbẹ tó jẹ́ ọpọlọ ẹ́ńjìnì, ojú ihò tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, àti kọ́kọ́rọ́ méjì olórí dúdú. Wọ́n ní àpótí yìí ti mọ kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Bí a bá gbé e sínú ọkọ̀ wa, àwọn ni yóò máa jẹ́ fún.

Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ga. Ọkọ mi, tó ń ka owó olówó láti àárọ̀ dalẹ́, kò mọ ọjà ná rárá, nítorí náà mo ní kí ó lọ dúró síbi ọkọ̀. Nígbà tí mo pè é padà, ó ti di iye tí apá wa ká, bàbá náà sì ti gbà pé bí kò bá ṣiṣẹ́, kí a dá a padà.

Ní Sátidé, rẹ́wáyà dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó sùn gbalaja sábẹ́ ọwọ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni a ń rí. Màmá gbé àga wọn wá sí tòsí. Nígbà tí ó parí, ó fún mi ní ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ó ní kí n dán an wò. Mo yí i. Kò dún rárá, kò tilẹ̀ mí. Mo ti ń ro bí a ó ṣe kó ẹrù náà padà sí Ìbàdàn nígbà tí rẹ́wáyà fọwọ́ lu iwájú orí: kò tíì da wáyà bátìrì padà. Ó dè é, mo tún yí i. Ẹ́ńjìnì dáhùn. Gbogbo wa ń retí pé kí ó kú.

Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ lanu. Wọ́n ní, "Kò kú o."

A pa á, a fi kọ́kọ́rọ́ kejì dán an wò, ó tún ṣiṣẹ́. Àwọn tuntun yìí kò lè ṣí ìlẹ̀kùn ṣá. Ti ìlẹ̀kùn ṣì wà bó ti wà. Nítorí náà a pín in: ọkọ mi mú ti àtijọ́ fún ìlẹ̀kùn, èmi mú èyí tí a gé ní Odò-Òrì, olúkúlùkù wa sì ní ọ̀kan tí ó fi ń ṣáná sí ẹ́ńjìnì. Mo so tèmi méjèèjì mọ́ òrùka kan. Ní ọjọ́ náà, kódà nígbà tí mò ń dáná, wọ́n ń dún lápò mi.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo múra ní kùtùkùtù, mo kí Bàbá àti Màmá, mo ṣí ọkọ̀, mo sì wà á lọ sí Olúpọ̀nnà. N kò jí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń kọrin. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jáde wò mí bí mo ti ń wá ibi tí màá gbé e sí lábẹ́ igi máńgòrò.

Màmá ni wọ́n ròyìn ìyókù fún mi. Wọ́n ní ọmọ wọn wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì, ó jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó sì dúró lójú ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà.

Ọ̀kadà náà ni ó gbé e wálé ní ìrọ̀lẹ́. Mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá àti Màmá jókòó nítòsí. Ó dúró síwájú mi, eruku bo bàtà rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ méjèèjì jáde, ó sì mì wọ́n létí mi.

"Kọ́kọ́rọ́ wà," ó ní. "Ọkọ̀ dà?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Mo kúnlẹ̀ fún ọkọ mi, mo ní, "Ẹ má bínú. Kí ẹ̀yin náà tètè múra lọ́la." Ó sì tètè múra. Mo já a sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà báńkì kí n tó kọrí sí Olúpọ̀nnà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kóra jọ sójú fèrèsé, wọ́n ń wò wá.