Èmi Ni Mo Kọ́ Ìyá Dárà Ní Ajílẹ̀ Ṣíṣe

Ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ní Agbowó lónìí, mi ò ní purọ́.

Èmi ni mo sọ fún Ìyá Dárà tá a jọ ń gbélé pé kó yé da èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí gọ́tà. Mo ní kó máa kó o sínú ike ọ̀dà, kó máa bu iyẹ̀pẹ̀ lé e títí á fi di ajílẹ̀. Ọjọ́ kan náà la jọ bẹ̀rẹ̀.

Tèmi ń rùn. Tẹ̀tẹ̀ tó gbìn sórí tirẹ̀ fẹ̀ bí etí erin.

Láàárọ̀ yìí, ìyá onílé wa dúró, wọ́n ń wo ẹ̀fọ́ náà. "Ìyá Dárà, ta ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yìí?"

Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mò ń retí orúkọ mi.

"Orí fóònù ni mo ti rí i, mà."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, ó kanlẹ̀kùn, ó gbé ìdì tẹ̀tẹ̀ kan fún mi. "Ẹ fi sebẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ mi."

Mo gbà á, mo sì sè é. Ọbẹ̀ náà dùn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n lọ ṣàlàyé fún ìyá onílé àbí kí n gbẹ́nu dákẹ́?