Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ìjókòó Awakọ̀

Ó pé ọdún mọ́kànlélógún tí Hezekiah ti ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn oníṣòwò láti Ẹgbẹ́dá lọ sí Èkó, kò sì sí kòtò ojú ọ̀nà náà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ̀. Ó lójú àánú o, àmọ́ tó bá ti ní rárá, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ìyẹn ló ń já Moyinolúwa, ọmọ rẹ̀, láyà lọ́dún 1994. Ọmọbìnrin náà fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọkọ̀ ní Pólì, bàbá ní iṣẹ́ olùkọ́ ló yẹ ẹ́. Ọjọ́ Ẹtì sì ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ padà, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé bàbá.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Moyinolúwa gbá iwájú ilé, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya odidi ọkọ̀ kan sílẹ̀, bó ṣe máa tóbi gan-an. Ó bẹ bàbá rẹ̀ kó wọ̀ ọ́. Hezekiah rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó bọ́ bàtà bí ẹni ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù tirẹ̀, ó wọlé. Ìjókòó mẹ́rin dojú kọra, wọ́n fẹ̀ bíi ibùsùn. Tábìlì wà láàárín fún ìwé ọjà, tẹlifóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníṣòwò á sùn dé Èkó, aṣọ rẹ̀ kò ní rún. Hezekiah wá sítíárìn títí, kò rí i. Ọmọ ní ọkọ̀ náà á máa ríran, á sì máa wa ara rẹ̀.

Orí bàbá wú. Ó rọra jókòó sórí àpótí tí ọmọ gbé síbẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yìn yín ni mo ti ń wò yín láti kékeré, Bàámi."

Hezekiah dijú. Lọ́kàn rẹ̀, ọkọ̀ náà ti kúrò ní Ẹgbẹ́dá, ó ń lọ wẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ó ké bí èrò tó fẹ́ sọ̀ ṣe máa ń ké sí òun náà: "Ó wà o!"

Moyinolúwa kò ronú kan ìyẹn. Ta ló máa dá ọkọ̀ dúró nígbà tí kò sí awakọ̀? Ibi tí bàbá rẹ̀ bá páàkì sí lòun máa ń sọ̀, kò ké "ó wà" rí láyé rẹ̀. Ojú tì í, ó rò pé fọ́ọ̀mù ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó ya etí ńlá kan síwájú ọkọ̀ náà.

"Ẹ tún un pè, Bàámi."

"Ó wà o."

"Ó ti dúró."

Hezekiah sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ yà, kò tẹ ìlà kankan. Ó ní kó mú fọ́ọ̀mù wá.