Bí Flavienne Ṣe Gun Kẹ̀kẹ́ Kọjá Irà

Flavienne ti lé ní àádọ́ta ọdún, kẹ̀kẹ́ sì ni gbogbo ìlú Ìgánà mọ̀ ọ́n mọ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń fi í ru búrẹ́dì wá láti Pobẹ̀. Àwọn ọkùnrin a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ta ló ń ró ìró gun kẹ̀kẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, Chantal, ìyàwó Pacôme àbúrò rẹ̀, pè é lórí fóònù láti oko.

"Ẹ̀gbọ́n, paramọ́lẹ̀ ti bu Pacôme jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó ń wú, kò lè dìde."

Òdìkejì irà ni oko náà wà. Afárá ọ̀nà tó yípo ti wó, àfi kí èèyàn gba orí irà. Ilẹ̀ dúdú náà ti gbẹ lójú, ó ti sán káàkiri, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó lè gbé màlúù mì wà nísàlẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ sí i níjẹta.

Flavienne gun kẹ̀kẹ́ dé etí irà, ó sì ní kí Martial tó ń fi alùpùpù kérò bá òun kọjá. Martial mi orí. "Màmá, alùpùpù mi wúwo jù. Bí mo bá wọ ibẹ̀, ẹ ò ní rí mi mọ́."

"Dúró dè mí níbí, má lọ síbì kankan."

Ó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú táyà méjèèjì kí wọ́n lè tẹ́ lórí ilẹ̀, ó ká ìró sókè, ó gùn ún. Lílọ, ilẹ̀ gbé e ró títí ó fi dé oko.

Bíbọ̀ ló le. Ó fi ọ̀já Chantal so Pacôme mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ní kí Chantal má tẹ̀lé wọn.

"Má mira," ó sọ fún Pacôme. "Bó ti wù kó dùn ọ́ tó."

Ó ń wa kẹ̀kẹ́ náà jẹ́jẹ́, kò dúró, nítorí ẹni bá dúró níbẹ̀ á rì. Ó ń fetí sí ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín, ìró ilẹ̀ yí padà, ó di ìró nǹkan tó lómi nínú. Kó tó yà, táyà iwájú ti wọlé. Wọ́n ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá Flavienne sì rì dé ìgbúnwọ́.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lọ."

"Panu mọ́."

Ó tú ọ̀já, ó fi àyà lélẹ̀, ó sì tẹ́ kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ gbalaja. Ó ti Pacôme gun orí rẹ̀, ó fi ọ̀já kọ́ ọ lábíyá, ó wá ń fàyà fà níwájú, ó ń fà á. Ẹrẹ̀ wọ ẹnu rẹ̀. Ó fà á kúrò lórí kẹ̀kẹ́ dé ibi tí koríko díẹ̀ hù sí, agbára rẹ̀ sì tán.

Ibẹ̀ ni okùn ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Martial ti bọ́ ẹ̀wù, òun náà ti fàyà wọ́ dé ìdajì ọ̀nà, ó sì ju okùn tó fi ń di ẹrù sí wọn, ó fi fà wọ́n jáde.

Martial fi alùpùpù gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní Pobẹ̀, wọ́n sì gún Pacôme lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì gbé àga fún Flavienne. Ó ní òun á dúró, pé ẹrẹ̀ ara òun á ba àga wọn jẹ́.

Ìka ẹsẹ̀ Pacôme méjì ni wọ́n gé. Lọ́jọ́ kọkànlá ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ó tiro díẹ̀, ó di èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.