Ìdí Tí Bàbá Àgbà Fi Máa Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Lẹ́yìn

Bàbá mẹ́ta ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Àpòmù lọ sí Ìkirè ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Tí wọ́n bá ń kọjá, àwọn ọlọ́kadà á fun fèrè láti kí wọn, àwọn ọmọdé á sì máa kà wọ́n: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ẹni tó máa ń wà lẹ́yìn pátápátá ni bàbá àgbà mi, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Gàrúbà. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá àgbà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Oko kòkó tó wà lọ́nà Orílẹ̀-Òwu ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn, kẹ̀kẹ́ yìí kan náà ni wọ́n sì ń gùn lọ sóko nígbà náà. Àwọn mìíràn ló ń bá wọn ṣe oko báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ dé, wọ́n á fi àkísà àti epo nu ṣéènì rẹ̀, wọ́n á sì fi àtàǹpàkò tẹ táyà méjèèjì wò. Èmi ni mo ń bá wọn gbé, nítorí Dádì mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n sì ní kí n parí ìwé mi níbí.

Àwọn méjì yòókù ni Bàbá Tíṣà àti Bàbá Káfíńtà. Olúrótìmí ni Bàbá Tíṣà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àgbà ìjọ sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Àbídì ni Bàbá Káfíńtà. Wọ́n kúrú, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ní òfin kan. Ẹni tí nǹkan bá ń bà lọ́kàn jẹ́ nínú wọn lọ́sẹ̀ náà ni yóò wà níwájú. Àwọn yòókù kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè ohunkóhun, títí yóò fi la ẹnu fúnra rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn jù ni yóò wà lẹ́yìn, òun náà ni yóò sì ra àkàrà nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Salome ní Ìkirè.

Mo bi Bàbá àgbà bí òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ní ọdún tí ìyàwó Bàbá Tíṣà kú, Bàbá Tíṣà ló máa ń gbẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i. Lọ́jọ́ kan, àwọn méjì yòókù dé Ìkirè, wọ́n wẹ̀yìn, wọn kò rí i. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n bá a níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, omijé sì ti gbẹ sí i lójú. Bàbá Káfíńtà wá sọ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo ni yóò máa ṣáájú, kí ojú àwọn yòókù lè máa wà lára rẹ̀.

Ohun tí kò yé mi ni pé láti ẹ̀yìn Iléyá, ẹ̀yìn ni Bàbá àgbà ń wà. Bàbá Tíṣà ṣáájú nígbà tí Othniel, ọmọ wọn tó wà lókè òkun, kò pè wọ́n fún oṣù méjì. Bàbá Káfíńtà ṣáájú nígbà tí oníbàárà kan kọ ilẹ̀kùn mẹ́fà tí wọ́n ti kàn tán. Bàbá àgbà nìkan ni kì í ṣáájú. Àwọn ló ń ra àkàrà ní gbogbo ìgbà, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ń sọ pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà Gàrúbà pátá. Èmi tí mo ń bá wọn gbé n kò rí ìdùnnú náà. Òjò ti ba kòkó wọn jẹ́ lọ́dún yẹn. Nílé, wọ́n lè jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí ìdùnnú ọjọ́ Sátidé ti ń wá.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àfikún ní Ìkirè ní Sátidé, nítorí ìdánwò àṣekágbá. Bàbá àgbà ní n kò ní gun ọ̀kadà, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn ni n ó máa jókòó sí. Inú mi dùn.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní kíláàsì, tí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè, mo máa ń wá ọ̀rọ̀ tó tọ́ títí ẹlòmíràn á fi dáhùn. Bàbá àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó sẹ́yìn wọn, wọ́n ní, "Soliat, ẹnu rẹ ti dákẹ́ jù. Gbogbo ohun tí o bá rí lọ́nà, máa sọ ọ́ fún mi."

Mo ní mo rí ewúrẹ́. Wọ́n bi mí pé mélòó ni, ṣé ọ̀tún ló wà ni àbí òsì, ṣé ó dúró ni àbí ó ń rìn. Mo rò pé wọ́n ń kọ́ mi ni, mo sì mú un lọ́kùn-únkúndùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: ewúrẹ́ dúdú kan, lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fẹ́ sọdá. Mo lè sọ pé kòtò kan ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì, omi kún inú rẹ̀, ó fẹ̀ tó agbada Ìyá Salome. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n bi mí ní ìbéèrè ní kíláàsì, mo sì dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá àgbà nínú ọkàn mi.

Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ohun tó wà lókè, wọn kì í dá mi lóhùn dáadáa. Mo lè sọ pé ojú ọ̀run pọ́n bí epo lórí Ìkirè, wọ́n á ní, "Ó dáa. Ilẹ̀ ńkọ́?" Mo lè sọ pé ẹyẹ kan jókòó sórí wáyà iná, wọ́n á ní, "Ó dáa. Ilẹ̀ ńkọ́?" Ó yà mí lẹ́nu pé èèyàn lè fẹ́ràn ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún ni aago kékeré kan, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn àgbò. Bàbá àgbà rà á ní ọjà, wọ́n fún Bàbá Káfíńtà, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí a ti ń lọ ló ń dún wọnrọnwọnrọn níwájú wa.

Ní Sátidé kan, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkirè nígbà tí mo rí agbo lékeléke tó ń balẹ̀ sínú pápá. Wọ́n pọ̀, wọ́n funfun, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ mu. Ẹnì kan tó ń kọ́lé ti da iyanrìn sí ìdajì ọ̀nà. Mo rí iyanrìn náà. N kò sọ ọ́, nítorí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rò pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Bàbá àgbà gun kẹ̀kẹ́ wọ inú rẹ̀ tààrà, àwa méjèèjì sì ṣubú.

Kò sẹ́ni tó farapa. Àwọn méjì iwájú yí padà, Bàbá Káfíńtà sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Gàrúbà, ilé ta lo fẹ́ bá wọn kọ́?" Bàbá àgbà ní táyà ló yọ̀. Wọ́n gbọn aṣọ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, wọ́n rọra ní, "Soliat, o ò sọ fún mi."

Oòrùn ń ràn sí wọn lójú nígbà náà. Mo wo ojú wọn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú òsì, bí ojú ògì tó ti tutù. Ó sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lára ti ọ̀tún.

Nígbà tí wọ́n kírun Alásárì tán lọ́jọ́ náà, wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní ojú òsì kò ríran mọ́ láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, àti pé pẹ̀lú ojú ọ̀tún, bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú ooru omi gbígbóná ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń wà kí wọ́n lè máa tẹ̀lé ìró aago. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Tí bàbá rẹ bá gbọ́, Ìbàdàn nìyẹn," wọ́n ní. "Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n á gbé mi ka iwájú tẹlifíṣọ̀n tí mi ò rí. Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀? Ọjọ́ Sátidé yìí nìkan ló kù fún mi, Soliat. Má sọ fún ẹnì kankan."

Mo ṣèlérí pé n kò ní sọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ronú. Iyanrìn ni a kọlù lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló dúró síbẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá sọ, wọ́n á pàdánù àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Tí n kò bá sọ, a lè pàdánù àwọn fúnra wọn. Mo sì ti ṣèlérí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí mo ti ń wò wọ́n tí wọ́n ń fi ọwọ́ wá ibi tí ṣéènì wà, òfin kẹ̀kẹ́ wọn sọ sí mi lọ́kàn. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó ń ṣe é.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Káfíńtà ni wọ́n ti máa ń pàdé. Ní Sátidé náà, kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Bàbá Tíṣà ní ara òun dá, Othniel ti pè. Bàbá Káfíńtà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni mẹ́ta ni yóò ra àkàrà lónìí, kí Ìyá Salome tètè da epo kún agbada. Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ṣì wà lẹ́yìn o.

Mo sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá àgbà," mo ní, "ẹ bọ́ síwájú."

Ohùn mi kò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́. Yàtọ̀ sí kíkí, n kò tíì sọ̀rọ̀ níwájú wọn rí. Bàbá Káfíńtà la ẹnu láti ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì pa á dé. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé.

Bàbá àgbà rọra ti kẹ̀kẹ́ wọn kọjá Bàbá Káfíńtà, wọ́n tì í kọjá Bàbá Tíṣà, wọ́n dé iwájú. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti gùn ún, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Kò sí aago kankan níwájú wọn.

"Mi ò rí iwájú," wọ́n ní. Wọn kò yíjú padà. "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí i."

Bàbá Tíṣà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Bàbá Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan aago abẹ́ ìjókòó wọn.

"Aago tí o fún mi yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bàbá àgbà ní.

"Mo sì ti ń rò pé o fẹ́ràn mi ni."

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. Èjìká wọn ń mì, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí Ìkirè lọ́jọ́ náà, Bàbá àgbà níwájú, àwọn méjì lẹ́yìn tí wọ́n ń ké pè é pé kí ó yà sí ọ̀tún díẹ̀, kí ó gbé táyà sókè. Mo pẹ́ dé ẹ̀kọ́ mi, wọ́n sì ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló pe Dádì mi, lẹ́yìn tí Bàbá àgbà gbà bẹ́ẹ̀. Dádì dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ti ń wá báàgì tí wọ́n máa kó aṣọ Bàbá àgbà sí. Bàbá Káfíńtà wọlé bá wọn, Bàbá Tíṣà sì wà lẹ́yìn.

"Mubashir, ojú rẹ̀ ni kí o gbé lọ fún dókítà," Bàbá Káfíńtà ní. "Bí wọ́n bá ti tọ́jú ojú náà tán, dá olójú padà fún wa. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò ní tà á, mi ò sì ní jẹ́ kí o tà á."

Bàbá Tíṣà kàn ń wo Dádì mi, ẹni tí wọ́n kọ́ nígbà tí Dádì wà ní ìwé márùn-ún. Dádì gbé báàgì náà padà sórí àpótí.

Dókítà ní Ìbàdàn ní àwọn lè yọ ohun tó bo ojú ọ̀tún, ṣùgbọ́n òsì ti pẹ́, àwọn kò lè ṣèlérí. A ní láti dúró kí ó kàn wá. Ní Sátidé mẹ́ta tí a fi dúró, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ rìn lọ sí Ìkirè. Àwọn ọlọ́kadà ń bi wọ́n pé ṣé táyà gbogbo wọn ló jò lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó lé ní oṣù kan kí dókítà tó ní Bàbá àgbà lè gun kẹ̀kẹ́. Dádì ní mo gbọ́dọ̀ máa jókòó sẹ́yìn wọn síbẹ̀, nítorí ojú kan ṣoṣo ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá àgbà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú awò dúdú lójú, wọ́n ní àwọn ni ẹ̀yìn tọ́ sí lónìí. Bàbá Tíṣà ní rárá o, inú òun náà dùn, òun ni òun máa ra àkàrà. Wọ́n ń jà sí i bí ọmọdé.

Bàbá Káfíńtà kò bá wọn dá sí i. Wọ́n mú kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n sì tì í bọ́ síwájú.

Bàbá Tíṣà ti kẹ̀kẹ́ wọn sẹ́yìn ti Bàbá Káfíńtà. Bàbá àgbà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ronú padà sí gbogbo oṣù tó kọjá, mo ń wá ibi tí ó ti yẹ kí n ti rí nǹkan kan lójú Bàbá Káfíńtà, n kò rí i. A gbéra. Aago náà ń dún, ṣùgbọ́n ó ń dún díẹ̀díẹ̀, nítorí Bàbá Káfíńtà ń lọ́ra, a sì ń lọ́ra tẹ̀lé wọn. Ewúrẹ́ kan sọdá, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, Bàbá àgbà ní, "Soliat, kí lo rí?"

"Bàbá Káfíńtà ò kí ẹnì kankan láti ìgbà tí a ti kúrò nílé," mo ní. "Wọ́n tẹrí ba."

"Èmi náà rí i," Bàbá àgbà ní, wọn kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí a fi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Salome.